Ìpàtẹ Àwòrán ní Pálọ̀ Bàbá Onílé

Fàà. Fàà. Bàbá onílé wa ń fi etí páálí tẹlifíṣọ̀n wọ́ ọ̀dà pupa lọ lórí aṣọ àwòrán tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Òórùn karosíìnì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó lọ pàdé òórùn ẹ̀wà tí màmá mi ń sè lẹ́yìnkùlé. Ebi ń pa mí, orí ń fọ́ mi, síbẹ̀ mi ò kúrò níbẹ̀. Okokomaiko ni ilé náà wà, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ayálégbé sì ni wá.

Gbajúmọ̀ ayàwòrán ni Bàbá nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn tó ń yà nígbà náà ga gọbọi, ojú wọn tóbi, ilà dúdú yí wọn ká, àwọn ará òkè òkun sì rà wọ́n lọ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́njú, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, búrọ́ọ̀ṣì ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Kàkà kó jókòó máa káàánú ara rẹ̀, ó ní kí aládùúgbò wa tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Ọjà Àlàbá máa kó páálí wá fún òun. Páálí yẹn ló ń gé tó fi ń wọ́ ọ̀dà. Kò sí èèyàn kankan nínú àwòrán rẹ̀ mọ́, àwọ̀ lásán ni: pupa tó fẹ̀, aró tó jìn, àti ìlà funfun tín-ín-rín kan tó ń gbọ̀n bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń yà?" Mo máa ń bi í.

"Wò ó ná." Kò sí èsì mìíràn lẹ́nu rẹ̀, ó sì máa ń bí mi nínú gan-an.

Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń bá a ta àwòrán wá láti Island. Wọ́n kó ọwọ́ sápò, wọ́n wò ó fìrí. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Daddy, àwọn tàtijọ́ yẹn ni customer ń bèèrè o. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀ ná." Wọn ò tiẹ̀ mu mínírà tí a gbé fún wọn tán.

Nígbà tí wọ́n lọ, Bàbá sọ fún màmá mi pé, "Ilé mi níbí ni màá pàtẹ ẹ̀ sí. Bí wọn ò bá wò ó, màá kó gbogbo ọ̀dà yìí dànù." Mi ò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí àfi ọjọ́ yẹn.

Òjò ti ba ògiri pálọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ìyá kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, tó máa ń rán sùtánà fún ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ, ní kí Bàbá má dààmú. Ó kó aṣọ funfun wá, a ta á bo ògiri. Nígbà tó ṣẹ́kù, ó tẹ́ ìyókù sílẹ̀, torí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ náà ti là.

Ọjọ́ Àìkú ni ìpàtẹ ọ̀hún, ìyá yẹn ló sì kọ́kọ́ wọlé. Ó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, sùtánà rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì wọ bàtà, torí ìjọ wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wo ilẹ̀ funfun, ó wo ẹsẹ̀ ìyá, ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀. Alhaji ilé kejì bọ́ tirẹ̀. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, tí wọ́n ń rọra sọ̀rọ̀. Àwọn ará Island tí Bàbá ránṣẹ́ pè náà dé, wọ́n wo ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń tú okùn bàtà.

"Ṣé wọ́n rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Bàbá fẹ́ ké sí wọn kí wọ́n wọ bàtà wọn padà.

Màmá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé wọ́n ń wò ó?"

Lóòótọ́, wọ́n ń wò ó. Kò sẹ́ni tó ń kánjú. Alhaji dúró níwájú àwòrán pupa, ó ní, "Èyí ń bà mí lẹ́rù díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kúrò níwájú ẹ̀." Oníṣòwò Àlàbá ń rẹ́rìn-ín: "Baba, so na my carton do all this?" Ọkùnrin Island tó ní ká fi í sílẹ̀ wo ìlà funfun yẹn títí.

"Daddy, báwo lẹ ṣe ṣe ìlà yìí?"

Bàbá gbé ọwọ́ sókè, ó jẹ́ kó máa gbọ̀n níwájú gbogbo èèyàn. "Òun ló yà á."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí aṣọ funfun, tòun ti súùtù. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Àṣé wọ́n á wò ó," ló ń wí ṣáá. Inú mi dùn débi pé èmi náà ń sunkún.

Bàbá yàwòrán títí di ọ̀sẹ̀ tó kú. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Iyana-Iba báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mú iṣẹ́ tí wọ́n kọ wá kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́, wọn kì í fẹ́ wo ojú mi bí mo bá ń ṣí i. Àárò Bàbá máa ń sọ mí nígbà náà. Bí èrò tilẹ̀ kún ẹnu ọ̀nà, mo máa ń dúró ka díẹ̀ nínú rẹ̀, torí mo ti rí àgbàlagbà kan nínú ilé ara rẹ̀, tí ẹ̀rù ń bà á pé bóyá lẹnikẹ́ni á wo iṣẹ́ òun.