Àwọn Ọ̀rọ̀ Ítálì Tí Mo Fò

Orin kan lẹ́yìn ìsìn ló kó sí mi lórí. Èèyàn ń jáde, ìyá tó ń tẹ píánò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹdẹ sì ń fi orin sìn wá síta. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú ewé kejì, wọ́n fi ẹsẹ̀ òsì tẹ irin kékeré tó wà nísàlẹ̀ píánò, ohùn náà sì rọ̀ bí ẹni pé ó ti inú yàrá kejì wá. Mo súnmọ́ ìwé orin náà. Olùkọ́ wọn ayé àtijọ́ ló fọwọ́ kọ ọ́. Lábẹ́ ìlà ibẹ̀ ni mo ti rí *una corda*.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èdè wo nìyí?"

"Ítálì ni. Jókòó kí n ṣàlàyé."

"Ẹ má ṣèyọnu mà, ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ dà kọ."

"Ọ̀gá! O fẹ́ jẹ iṣu, o ò fẹ́ epo."

Síbẹ̀, wọ́n yá mi ní ìwé náà. Bí àwa akọrin ti máa ń ṣe, mo da gbogbo ohùn rẹ̀ kọ ní dò-re-mí. Ọ̀rọ̀ Ítálì kì í wọ inú àdàkọ wa, fífò la máa ń fò ó. Mo dá ìwé padà, inú mi ń dùn pé n kò ṣi ohùn kan ṣoṣo kọ.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún ìyá náà. Ikán sì ti jẹ àpótí ìwé orin wọn, tòun ti ìwé yẹn. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé àwọn fẹ́ gbọ́ orin yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí píánò pálọ̀ wọn, láti inú àdàkọ mi.

"Ohùn pé," ni wọ́n wí. "Ìyókù ńkọ́?"

"Ìyókù wo mà?"

"Ọ̀rọ̀ mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀. Mo máa ń kà wọ́n fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́."

Mo yẹ àdàkọ mi wò láti òkè dé ilẹ̀: ohùn nìkan ló wà níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ. Mo ń tẹ̀, wọ́n ń gbọ́. Wọ́n á na ọwọ́ òsì sókè: "Dúró! *Rallentando* ló wà níbẹ̀. Máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ta ló ń lé ẹ, ọlọ́kadà Sẹ̀kọ̀nà?" Mo ń fi bírò pupa kọ ọ́ sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á rántí méjì, lọ́jọ́ mìíràn wọn kò ní rántí kankan, a ó kàn jókòó. Wọ́n kú kí òjò ọdún yẹn tó dá.

Mo ti fi fóònù kọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lé ní igba. Mo mọ̀ pé okùn kan ni *una corda* túmọ̀ sí, pé irin òsì yẹn ló ń sún àwọn òòlù inú píánò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má lu gbogbo okùn. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé atúmọ̀ tó lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan wà nínú orin tí kò ní ẹ̀dà mìíràn láyé. Ìbá ṣe pé mo jókòó lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n jókòó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tẹ orin náà dé òpin, mo sì ka àwọn àmì pupa. Mọ́kànlá ni, nínú mọ́kàndínlógún.