Kọ́kọ́rọ́ Ọ̀gá Mi

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, n kò kàwé púpọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní gọ́ọ̀fù máa ń mi ìdì kọ́kọ́rọ́ wọn lẹ́yìn mi bí mo bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí ihò.

"Ariwo ọkọ̀ ojú títì Mọ́kọ́lá ò ní dákẹ́ torí ẹ," ni wọ́n máa ń wí. "Gbá a jàre."

Lọ́jọ́ ìdíje tí ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa fẹ́ fi mú olùkọ́ tuntun, ó ku bọ́ọ̀lù kan kí n borí. Gbogbo èèyàn dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà gọ́ọ̀fù. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣàjèjì sí mi, mo sì kánjú gbá a. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá.

"Ẹ̀bi mi ni," ni ọ̀gá wí. "N ò kọ́ ẹ ní ìdákẹ́jẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rọra gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbé e kọ́ ẹ̀ka igi, mo sì to bọ́ọ̀lù sílẹ̀.