Etù Bàbá Mi Nínú Oòrùn Ìlọrin

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí àlejò ń wọ̀ wá sí Ìlọrin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, n kì í jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Aṣọ funfun ni, kó fẹ́lẹ́, kó sì fẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Kó wé láwàní, tàbí kó dé akẹtẹ̀. Kó má jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán bá òun lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa rẹ́rìn-ín pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ ohun tí mo fi kọ́ ọgbọ́n náà.

Inú igbó ni ìlú tí wọ́n ti bí mi wà. Níbẹ̀, ènìyàn lè rìn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ igi. Ọ̀dàn ni Ìlọrin ní tirẹ̀. Bí òjò bá ti dá, koríko a gbẹ, ilẹ̀ a gbóná, kò sì sí igi tí yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ oòrùn. Ọkọ̀ ojú irin kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó dé ìlú náà, àwọn òyìnbó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé tiwọn sẹ́yìn ìlú, nígbà tí oníṣòwò aṣọ kan fẹ́ mi wá síbẹ̀. Mo di ẹlẹ́hàá. N kò gbọdọ̀ jáde lọ́sàn-án, ọkùnrin àjèjì kò sì gbọdọ̀ rí ojú mi.

Bàbá mi ń ṣàìsàn lọ́jọ́ yìgì wa, àbúrò rẹ̀ ló dúró fún un. Ohun tí àwọn arábìnrin ọkọ mi rí dì mú nìyẹn. Bí mo bá ń lọta, wọ́n á ní, "Ìyàwó tí a ò mọ bàbá rẹ̀." Lọ́jọ́ kan, èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn bi mí níwájú gbogbo ilé pé, "Àbí bàbá ẹ ò lẹ́wù tó lè wọ̀ jáde ni?" Inú mi ru. Inú mi kì í pẹ́ ru, títí di òní náà ni.

Bàbá mi lẹ́wù. Ó ní etù kan, aṣọ òkè aláró tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó dúdú tó ń dán, agbádá, bùbá àti ṣòkòtò. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí a fi máa ń gbé e lẹ́ni méjì lọ sá. Nígbà tí mo gbọ́ pé ara rẹ̀ ti yá, tó sì ń bọ̀ wá kí mi, mo ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ obìnrin kan tó ń ta obì, tó máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́nà ìlú wa. Mo ní kí bàbá mi wọ etù náà, kó má ṣẹ́ ọ̀kan kù nínú rẹ̀.

Obìnrin náà wò mí. "Etù kẹ̀? Nínú oòrùn tó ń pa wá yìí? Funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí n sọ fún wọn."

Mo ní, "Aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá mi dé. Ó fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, gbogbo ọkùnrin ilé wa sì ti lọ kírun. Ní ìlú wa, bàbá ìyàwó kì í wọ ilé àna rẹ̀ nígbà tí kò sí ọkùnrin nílé. Kì í mu omi, kì í bọ́ agbádá, títí onílé yóò fi kí i. Bàbá mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyálé mi, tó ti dàgbà kọjá ẹni tí ẹ̀há ń dè, ló wá pè mí. "Bàbá ẹ ti dé o. Mo gbómi fún wọn, wọ́n ní àwọn ń dúró de àna àwọn. Aṣọ yẹn ń pa wọ́n. Bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, kí o ní kí wọ́n bọ́ ọ. Bàbá ẹ ni, kì í ṣe harámù."

Mo yọjú níbi ihò ògiri. Bàbá mi jókòó ṣánṣán lórí àpótí, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Etù náà ń dán. Ó dà bí ọba. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn. Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé ọkọ mi bá a nínú aṣọ náà.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ti mọ́sálásí dé. Kò ní pẹ́ mọ́."

Ó pẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀ lọ́rùn. Àwọn arábìnrin rẹ̀ jáde wá kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi dìde láti dá wọn lóhùn, ó sì ṣubú.

A bọ́ etù náà lọ́rùn rẹ̀. Ó tutù rin fún òógùn, aró rẹ̀ sì ti ràn mọ́ ọn láyà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ibà fi dá a wó, kò sì dá ènìyàn mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé wọ́n rí aṣọ náà?"

Mo ní, "Wọ́n rí i, bàbá."

Ó ní ó dáa. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Àwọn àáfà wẹ̀ ẹ́. Ìyálé mi ló gbọ́ lẹ́nu wọn pé wọ́n fi ọṣẹ fọ aró àyà rẹ̀ títí, kò lọ tán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi aṣọ dì í lọ sin. Aṣọ funfun ni, ó fẹ́lẹ́. Òun ló yẹ oòrùn ìlú yìí, èmi ló sì yẹ kí n ti sọ fún un.