Sípù

Òórùn aṣọ tuntun tí áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́yinná ń tẹ̀ ló máa ń jí wa láràárọ̀ nílé wa ní Albarika, àdúgbò kan ní Parakou. Aránṣọ ni Ìyá wa, láti Ṣábẹ̀ ni wọ́n ti wá sí Parakou. Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé nígbà tí Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, ti Ìbàdàn wá lo ìsinmi ilé ìwé lọ́dọ̀ wa.

Bísí kò gbọ́ Faransé, àwa náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ kan, ó rí ohun tí Ìyá ń rán mọ́ ẹ̀yìn gáùn, èyí tí àwa ń fi Faransé pè ní fẹmẹtúù. Ó fà á sókè, ó ní, "Sípù! Ṣé ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń dún ni? Ìró rẹ̀ náà lorúkọ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu wa. Bísí ní kì í ṣe ti aṣọ nìkan: ẹni tó bá sáré kọjá fìrì, sípù ló ṣe, ẹni tí ara rẹ̀ bá yá gágá, sípù wà lára rẹ̀. Bí ariwo wa bá sì pọ̀, á fi ìka fa ètè ara rẹ̀ kọjá, "Sípù!", ìyẹn ni pé ká panu mọ́. Láìpẹ́, ewúrẹ́ ń ṣe sípù, ọkọ̀ ojú irin náà ń ṣe sípù.

Fúnmi, àbúrò mi obìnrin, nìkan ni kì í pè é. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan rí. Èmi ni mò ń bá a sọ pé ebi ń pa á, pé oorun ń kùn ún. Ó ń dun Ìyá. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń nu ojú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Táńtì Róòsì, ẹ̀gbọ́n Bàbá wa obìnrin, wá kí wa. Bí wọ́n ṣe jókòó báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Ìyàwó, ọmọ yìí mà yadi o! Kí lò ń wò? Ta ni yóò fẹ́ ẹ?" Ìyá wolẹ̀. Táńtì ò dákẹ́.

Fúnmi dìde lórí ẹní, ó lọ bá Táńtì, ó na ìka, ó fà á kọjá lórí ètè wọn.

"Sípù!"

Bàbá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá gbá Fúnmi mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún: "Tún un sọ, ọmọ mi! Tún un sọ!"

Táńtì alára ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́. Mo ti dákẹ́."

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ń tẹ̀ lé e. Fúnmi ti di ìyá àgbà ní Kútọnu báyìí, bó bá sì pè mí lórí fóònù, kì í fún mi láyè rárá. Èmi tí mo máa ń gbẹnu sọ fún un nígbà náà, "ẹn, ẹn" ni mò ń wí báyìí. Mo ń fetí sílẹ̀, kì í sì í sú mi.