Ẹ Kú Oko

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé igbó dùn ún rìn. Ilé wa ní Ṣàngó kò jìnnà sí igbó kan tó wà lẹ́yìn òkè. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá ti wọnú rẹ̀, màá máa tẹ̀ lé ọ̀nà àwọn darandaran títí oòrùn á fi mú. Ara mi ń yá gágá, ọkàn mi ni kò balẹ̀, nítorí ìyàwó mi tí làkúrègbé ti dè mọ́ àga ni mo ń fi sílẹ̀ nílé.

Nílẹ̀ wa, àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Kí wọ́n má baà sọ pé orí mi ti dàrú ni mo ṣe ń mú àdá dání. Àdá yẹn ló bí irọ́. Àwọn aládùúgbò ń kí mi pé, "Ẹ kú oko," mo sì ń dáhùn. Nígbà tí ìyàwó mi náà kí mi bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí n sọ pé mi ò ní oko kankan. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti sọ fún ẹni tí kò lè dá rìn dé géètì pé ìrìn fàájì ni mo ń rìn. Mo dáhùn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi gbé egúsí bàrà fún mi, irú èyí tí ìyá rẹ̀ ń gbìn l'Ọ̀mù-Àrán. Àbúrò rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí n bá òun gbìn ín sóko, pé òun ti ṣèlérí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ohun tó bá so níbẹ̀ ni òun máa mú wá fún ìkórè, nítorí ó ti pẹ́ tí òun ti mú nǹkan tọwọ́ òun wá síwájú Ọlọ́run. Mo gbà á, mo tì í bọ àpò ṣòkòtò tòun ti lailọn rẹ̀. Bó bá bèèrè, màá ní ó ti hù. Lẹ́yìn náà, mo ní ó ti ń fà. Mo tilẹ̀ ráhùn pé màlúù fẹ́ jẹ ẹ́. Ó ń gbàdúrà fún oko náà, èmi ni mò ń ṣe àmín.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀la, mo lọ ra egúsí ní ọjà Ipata. Nígbà tí mo gbé e délé, ìyàwó mi bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó.

"Dádì, bàrà ni mo fún yín. Egúsí ìtóò nìyí."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú.

"Bí ẹ bá sọ pé ìrìn lẹ ń rìn," ó ní, "ṣé màá ní kẹ́ẹ má rìn ni?"

Kò jẹ́ ká gbé egúsí ọjà lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé tiwọn lọ síwájú pẹ̀lú ijó, òun jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan. Mi ò lè wojú rẹ̀.

Ìgbà òjò àkọ́kọ́ lọ́dún yìí ni mo tú lailọn yẹn, mo gbin bàrà náà sẹ́yìn kíṣìnnì. Ìyàwó mi jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá júwe ibi tí mo máa gbẹ́. Nígbà tí mo nàró, ó kí mi.

"Ẹ kú oko, Dádì."

Mo fi ẹsẹ̀ wa erùpẹ̀ bo hóró tó kẹ́yìn.