Onídìrí Tí Wọ́n Sọ Di Ìyá Ọkọ Burúkú

Irun ni obìnrin yìí ń dì fún àwọn òṣèré níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Bó bá ti kó òòyà rẹ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn kámẹ́rà, kò sẹ́ni tó tún ń rántí pé ó wà níbẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Àfi lọ́jọ́ tí òṣèré tó fẹ́ ṣe ìyá ọkọ burúkú kò yọjú. Olùdarí eré wò yí ká, ojú rẹ̀ bá onídìrí.

"Ìyá, ẹ wá bá wa wọ aṣọ yìí."

Ó rò pé àwàdà ni. Kò pẹ́ tó fi ń jágbe mọ́ ìyàwó inú eré bí ìgbà tí àrá ń sán. Fíìmù náà jáde, ó ràn bí iná pápá. Òkìkí dé, ṣùgbọ́n irú òkìkí wo? Ọmọdé rí i lójú títì, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Obìnrin kan dá a mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìdìrí rẹ̀, nígbà tó ti di irun ọmọ obìnrin náà dé ìlàjì. Ó fa ọmọ dìde, ó ní àwọn ń bọ̀. Títí dòní, wọn kò tíì dé.

"Bí wọ́n bá mọ̀ pé aáyán lásán lò ń sá fún," ni ọkọ rẹ̀ máa ń wí. Onídìrí á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í dénú.

Síbẹ̀, nígbà tí olùdarí tún pè é, ó lọ. Ká má purọ́, ó wù ú kí wọ́n pe òun.

Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ náà ni ìyàwó lọ́tẹ̀ yìí. Olùdarí fa onídìrí sí kọ̀rọ̀.

"Ẹ fọ́ ọ létí ní ti òdodo. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹkún gidi ni mò ń wá."

"Ọmọ ọlọ́mọ ni, ọ̀gá."

"Ẹkún yẹn ló máa sọ ọ́ di ìràwọ̀. Ẹ̀yin náà ò ní gbẹ́yìn."

Onídìrí ṣí wíìgì ewú kúrò lórí, ó gbé e lé àga. "Mi ò lè ṣe é."

Wọn kò bẹ̀ ẹ́. Òṣèré mìíràn dé wíìgì náà. Yàrá ìmúra ni onídìrí wà tó ti gbọ́ ìró ìfọ́tí náà, lẹ́yìn náà ẹkún, lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà wọlé wá tú irun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú. Ó jókòó síwájú dígí.

"Mà, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ṣe é?"

Ọwọ́ onídìrí dúró nínú irun. Ì bá purọ́. Ta ni yóò mọ̀?

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Mo kọ̀ láti ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ọ. Ẹ̀rù bà mí."

 Ọmọbìnrin náà wò ó nínú dígí títí, ó wá tẹ orí síwájú kí onídìrí lè rí ìdí irun náà tú.

Ẹkún yẹn sọ ọ́ di ìràwọ̀ lóòótọ́. Tẹrú tọmọ ń sọ bó ṣe mọ ẹkún sun. Onídìrí kò wo fíìmù náà, kò sì padà sídìí kámẹ́rà mọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń padà wá díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin náà á bo ojú, á gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọlé, á ní kó di irun òun wẹ́wẹ́, kí òun lè pẹ́ níbẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó sábà máa ń sùn lọ lábẹ́ òòyà.