Ilé Etí Odò Tí Mo Yà Nítorí Ìyá Mi

Mo pariwo nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ èrò ni o, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Oǹdó, a ń bọ̀ ní Okìtìpupa, gbogbo èèyàn sì jókòó jẹ́ẹ́. Alága ìgbìmọ̀ ìlú wa ló pè mí lórí fóònù. Ó ní ìlú ti fẹnu kò láti kọ́ ilé kékeré kan sí etí odò, ibi tí èèyàn á ti máa gbatẹ́gùn, tí wọ́n á ti máa rí omi àti igbó wò. Nígbà tó sì jẹ́ pé ọmọ ìlú tó ń yàwòrán ilé ni mí, ṣé mo lè bá wọn yà á? Ibẹ̀ ni mo ti figbe ta. Dírẹ́bà tẹ búrèkì. Ìyá kan tó jókòó tì mí di apá mi mú, ó béèrè bóyá físà mi ló jáde. Mo ní, "Rárá o, mà. Odò ni wọ́n fún mi." Ó rọra yọwọ́ lápá mi, ó sì sún mọ́ fèrèsé.

Ẹ má tíì dá mi lẹ́bi. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, ilé àwọn tó rí já jẹ ni mo sì ń yà níbẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: fẹ́ǹsì gíga, géètì ńlá, irin lójú fèrèsé. Bí ìṣàn omi kékeré bá gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá, wọ́n á ní kí n dí i pa, kí wọ́n lè rí ibi gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Inú máa ń bí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya ilé tí kò mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ tàbí kò rọ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń lálàá ilé kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ní ju kó mú èèyàn dé ibi omi lọ.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló mú mi pariwo. Ìyá mi ni.

Odò yẹn gan-an ni ìyá mi ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ á mọ oúnjẹ tí à ń pè ní púpurú. Ẹ̀gẹ́ la fi ń ṣe é: a ó rẹ ẹ́ sómi títí á fi rọ̀, a ó fún omi inú rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n roboto, a ó sì tò ó sórí àjà kí iná àti èéfín yan án. Púpurú ìyá mi dé ọjà Ìkọ̀yà, ó dé ti Àyèká. Òun náà ló rán mi níwèé. Lójò ọdún kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sódò, ó ṣubú, egungun itan rẹ̀ sì kán. Egungun náà jinná. Dókítà tó wò ó ní Okìtìpupa ní kí ó máa rìn, pé kò sí ohun tó tún ṣe ẹsẹ̀ náà mọ́. Àmọ́ ìyá mi ò padà sódò. Wọ́n ti gbẹ́ bọ́họ́ọ̀lù sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn, àwọn yòókù náà ò lọ mọ́, igbó sì bo ọ̀nà. Ìyá mi jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń dáhùn bí a bá kí i. Obìnrin tó máa ń bá mi jà nítorí bí mo ṣe ń wé gèlè kò bá mi jà mọ́. Ẹ̀rù ìyẹn bà mí ju ti àìsàn lọ.

Nítorí náà, bí alága ṣe dárúkọ odò, ẹsẹ̀ ìyá mi nínú omi ni mo rí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ lọ́kàn ara mi pé bí ilé náà ò bá lè mú obìnrin kan ṣoṣo yẹn sọ̀ kalẹ̀ dé odò, bó ti wù kó lẹ́wà tó, lásán ni mo yà á.

Ẹ wá wo ayọ̀! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí mo ti wà létí odò pẹ̀lú bàtà rọ́bà àti téèpù ìwọ̀n. Mo wọn ibi tí omi ń dé lójò, mo wọn ibi tó ń fà sí lẹ́ẹ̀rùn. Mo jókòó, mo dìde, mo dùbúlẹ̀ láti wo ibi tí oòrùn ń gbà wọlé láàárín ọ̀pẹ. Ẹyẹ kan tó ń pẹja jábọ́ sómi gbàmù níwájú mi, mo sì pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí àtẹ̀gùn kankan nínú ohun tí mo yà. Ọ̀nà gbọọrọ kan ni, tó rọra ń yí sọ̀ kalẹ̀, tí ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn lè bá sọ̀ láìmí gúlegúle, pẹ̀lú igi tí èèyàn á máa dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òrùlé lọ sílẹ̀ níwájú tó fi jẹ́ pé bí o bá ti wọlé, omi nìkan ni ojú rẹ máa bá. Kò sí ògiri lápá odò. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo fi ìjókòó tí a fi yangí ṣe sí i, tí omi á máa gba orí ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ kọjá. Gíga àga ìyá mi nílé ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Alága wa, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó fẹ́ràn táìlì ju oúnjẹ lọ.

"Táìlì tó ń dán," ó ní. "Kí àlejò tó bá wá láti yunifásítì Okìtìpupa mọ̀ pé ojú wa ti là."

Mo ní, "Táìlì létí omi, sà? Ṣé ibi ìgbatẹ́gùn la fẹ́ kọ́ ni, àbí ibi ìkánnilẹ́sẹ̀?"

"Ọmọ yìí, ẹnu rẹ mú o."

"Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti jogún rẹ̀, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi táìlì sílẹ̀. Ti géètì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ géètì pẹ̀lú àgádágodo, mo sì yarí. Mo dìde láàárín ìpàdé, mo bi wọ́n léèrè ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan odò náà tí wọ́n fi fẹ́ tì í mọ́lé. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, bí géètì ṣe lọ nìyẹn.

A kọ́ ọ tán. Ó dára! Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀, nítorí ó dára lóòótọ́. Ní ọjọ́ ìṣílé, pásítọ̀ gbàdúrà, a ya fọ́tò, gbogbo ìlú rìn gba ọ̀nà tó ń yí náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gòkè padà. Ìyá mi ò wá. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo mọ̀ pé kò dùn ún.

Àwọn tó wá pàápàá ò padà wá mọ́. Mo ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀, ewúrẹ́ ni mo sì ń bá nínú ilé etí odò náà. Mo pinnu pé bí wọ́n bá rí i tí mò ń gbádùn ibẹ̀, wọ́n á tẹ̀ lé mi. Mo wá ń lọ jókòó síbẹ̀ ní Sátidé, mo ki ẹsẹ̀ bọ omi, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí gbogbo ayé lè rí i. Bàbá kan tó ń ti oko bọ̀ dúró lókè, ó pè mí pé, "Ṣé kò sí o? Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó mirí, ó ní Ọlọ́run á tù mí nínú. Èkejì béèrè bóyá ọkọ mi ló lé mi jáde. Inú bí mi, mo ní ọkọ mi wà ní Àkúrẹ́, ó ń fọ abọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé mìíràn, mo wà nínú yàrá nígbà tí ìyàwó alága wọlé wá bá ìyá mi. Ìyá ìjọ ni, òun ló ń ṣáájú àwọn obìnrin nínú àdúrà. Ó fa àga sún mọ́ ìyá mi, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

"Ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni. Wọ́n ní ó ń dá nìkan jókòó sétí odò. Kò pọnmi, kò fọṣọ, kò rẹ ẹ̀gẹ́. Ó kàn ń wo omi, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká tètè gbàdúrà. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ lèṣù ń yá lò."

Lẹ́sẹ̀ kan náà ni mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ láti ìgbà tí ó ti ṣubú. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó sì kígbe pè mí jáde. Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ni ìyá mi ń sọ, mo kàn ń tún un sọ fún yín ni.

"Ọma mi, wọ́n ní o ti ya wèrè! Àgbàlagbà wo ló ń lọ sódò lọ́wọ́ òfo?"

Mo fò sókè, mo dì mọ́ ìyá ìjọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì í ṣubú lórí àga. Òtítọ́ ni! Nígbà èwe wa, ta ló rán wa lọ sódò rí láìgbé korobá lé wa lórí? Bí ẹnìkan bá ní òun ń lọ sódò, kí la máa ń béèrè bí kò ṣe ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Iṣẹ́ ló ń gbé wa dé odò. Ibi iṣẹ́ náà la ti ń gbatẹ́gùn, tí a ti ń ṣòfófó, tí a ti ń kọrin. Èmi ọmọ Ìkálẹ̀, ọmọ oní-púpurú, lọ kọ́ ilé fún ìjókòó lásán, gbogbo ìgbìmọ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìkálẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i, a wá ń retí kí àwọn abilékọ wá káwọ́ gbera kí ìlú máa wò wọ́n. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Mo tún ilé náà yà lórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ẹfun ni mo fi yà á, inú mi sì ń dùn. Àwọn kòtò tí a fi yangí mọ láti máa rẹ ẹ̀gẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Omi kíkan tó bá ti inú wọn jáde á gba gọ́tà kékeré lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó má baà ba odò jẹ́ fún ẹja. Pẹpẹ fún bíbẹ ẹ̀gẹ́, lábẹ́ òrùlé, kí ẹni tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ kọjú sómi. Àjà ńlá sì wà lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ. Ìyá mi tẹjú mọ́ ilẹ̀ náà. Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nu ilà kan nù. "Àjà yìí sún mọ́ iná jù," ó ní.

Nígbà tí mo gbé e dé ilé alága, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. "Èéfín? Nínú ilé tuntun ìlú? Kí la fẹ́ wí fún àlejò?"

Kí n tó lanu, ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láti inú yàrá pé, "Baba, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀gẹ́ ìyàwó alága ló ń rọ̀ níbẹ̀." Alága fọwọ́ sí i.

Ìyàwó alága ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀gẹ́ wá lóòótọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì máa wò ó! Àwọn obìnrin wá láti ọ̀nà Ìjù-Odò pàápàá. Ariwo gba etí odò, èéfín ń ti abẹ́ òrùlé mi jáde, páànù mi ń dúdú, mo sì ń jó. Olùkọ́ kan láti yunifásítì wá wò ó, ó jókòó, wọ́n fún un ní ọ̀bẹ, kò sì lọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìyá mi ṣì wà lórí àga. N kò bẹ̀ ẹ́ kó wá mọ́, ẹ̀rù ń bà mí láti gbọ́ "rárá" lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kàn ń ròyìn fún un: ẹni báyìí ti mú ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ wá, ẹni báyìí bẹ tirẹ̀ nípọn jù. Nígbà míì ó máa ń ṣe ṣíọ̀.

Ní Sátidé kan mo dé, mo sì bá àga náà lófo. Mo pè títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo wo yàrá, mo wo ilé ìdáná. Mo sáré gba ọ̀nà odò, mo bọ́ bàtà sọnù, mo ń rántí itan tó kán.

Ó wà nísàlẹ̀. Kò tiẹ̀ jókòó sórí ìjókòó tí mo wọ̀n fún un. Ó ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún, ó dúró nínú omi, ọwọ́ kan di igi mú, ó ń fi ọwọ́ kejì fọ ẹ̀gẹ́, ó sì ń bá ìyàwó alága jà pé iná rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé púpurú ni wọ́n ń ṣe, wọn ò ṣe èédú. Ohùn rẹ̀ kún gbogbo abẹ́ òrùlé. Mo bú sẹ́kún níbi tí mo dúró sí, mo sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní gèlè mi wọ́, ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Fóònù mi dún. Alága ni. Ó ní òun wà nítòsí ilé wa, òun fẹ́ yà kí ìyá mi, ṣé wọ́n wà nílé?

Ìyá mi gbọ́ ọ. Kò gbójú sókè. "Sọ fún un pé n kò sí nílé."

"Wọn ò sí nílé, sà," mo ní. "Wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́."

Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alága ti gbọ́.